Ẹ Má Kọ Àmín Sí Orin Mi

Èmi, Jethro Akínlolú Ògúnníyì, ọmọ bíbí Isikan ní Àkúrẹ́, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe mi, ni mo ń sọ èyí. Orí mi pé, etí mi sì dá ṣáká ju ti gbogbo ẹ̀yin tí wọn yóò kà á fún. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Agbẹjọ́rò Májẹ́kódùnmí àti Ìtùnú ọmọbìnrin mi ni kí wọ́n mú ìhágún yìí ṣẹ.

1. Ilé mi ní Isikan jẹ́ ti Ìtùnú. Yàrá iwájú jẹ́ ti Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi, tó ti kó lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Oǹdó. Kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrù síbẹ̀.

2. Oko kòkó mi ní Ipogun jẹ́ ti Olúgbénga ọmọkùnrin mi. Kò débẹ̀ rí, nítorí náà kó bèèrè ọ̀nà.

3. Àwọn ewúrẹ́ mi ní Ọ̀bà-Ilé, ẹ kó wọn fún ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn wọn á bá ara wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Mo ṣe orin kan fún ìkórè. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mo dá ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí akọrin ń kọ dúró síbi tí kò tíì délé. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí mò ń wí, kó kọ dò, rè, mì, fà, sò, là, tì, kó wá panu mọ́. Ọkàn rẹ̀ á máa yánhànhàn fún dò kan ṣoṣo. Ìyánhànhàn yẹn gan-an ni adùn orin. Ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ kò mọ adùn omi. Ṣùgbọ́n ìjọ wa rò pé mo gbàgbé ìyókù ni. Bí àlùfáà ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, ó dá Àmín, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbè é, títí kan àwọn tó ń sùn. Ilé tí wọn kò tíì rìn dé, wọ́n ti ń kí ara wọn káàbọ̀ síbẹ̀.

4. Bámidélé, tí mo kọ́ ní dùùrù, tó wá di ọ̀gá akọrin, ni kí ẹ fún ní bàtà tí mo fi ń tẹ dùùrù. Òun ló tún orin mi ṣe, tó fi Àmín mẹ́ta dé e bí ìdérí ìkòkò. Bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbọ́n ju orí rẹ̀ lọ.

5. Dùùrù mi jẹ́ ti Morẹ́nikẹ́. Áltò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, ló ń kọ, òun nìkan ló sì di ohùn tirẹ̀ mú láìṣubú nígbà tí ìjọ ń pariwo Àmín lé e lórí. Síbẹ̀ ó sọ lójú gbogbo akọrin pé ti Bámidélé dùn ju tèmi lọ. Mo ní kó lọ bá wọn gbé. Ó sì di ẹrù rẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́, kò bẹ̀ mí. Olórí kunkun méjì ni wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọkọ̀ Oǹdó bá dúró lójúde, mo máa ń yọjú.

6. Orin ìkórè náà ni kí wọ́n kọ níbi ìsìnkú mi. Tó bá dé ibi ìdúró, kí gbogbo ẹnu pa mọ́. Àlùfáà tó bá dá Àmín, kí agbẹjọ́rò mú un jáde. Bí Morẹ́nikẹ́ bá wà níbẹ̀, kó jókòó sídìí dùùrù, kó parí orin náà bó ṣe wù ú, ì báà fi Àmín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i. Bí kò bá wá, ẹ má parí rẹ̀. Ẹ gbé mi lọ sin bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ mi nìyí, ní Àkúrẹ́, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2024:
J. A. Ògúnníyì

Àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí, tí wọn kì í kọrin:
Kìtán Adépọ̀jù
Ṣìkẹ́mi Ọláyẹmí