Ẹnu Táǹkì Hester

Rowland, ọmọ arábìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ ní Niu Silandi. Ikọ́ ọkọ mi ti rọlẹ̀. Ológbò wa bímọ sínú àpótí èédú. Òtútù ti dé sórí odò, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ojú omi tí a fi ṣe ilé móoru.

Táǹkì omi tí o tún ṣe fún Hester, aládùúgbò wa, nígbà tí o wá kí wa, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ìgbà tí o ti gbé ẹnu rẹ̀ kúrò nílẹ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé, ìdúró ni Hester ń rọ omi sí i, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Èmi ṣì ń kúnlẹ̀ di rọ́bà omi mú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lójú gbogbo ẹni tó tò sídìí ẹ̀rọ omi, Hester kígbe sí mi pé, "Tíṣà, ẹ kú àdúrà o! Ṣé Ọlọ́run ti dá yín lóhùn?"

Mo ní, "Ó ní kí n máa gbàdúrà fún aláriwo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Lóòótọ́, nígbà tí o bi mí léèrè bóyá kí o tún táǹkì tiwa náà ṣe, mo ní tiwa dára. Kò yẹ kí o gbà mí gbọ́. Mo kàwé tó láti mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí: owú ni. Ọmọ tèmi ni ọ́, kì í ṣe ti Hester.

Bí o bá ń bọ̀ nígbà Àjíǹde, jọ̀wọ́, mú irinṣẹ́ rẹ dání. Kí Ọlọ́run pa gbogbo yín mọ́. Kí ẹnu táǹkì tèmi sì fi ìka kan ga ju ti Hester lọ.

Àǹtí rẹ,
Averil