Nípa Ọmọ Káfíńtà Tí O Lé Níṣẹ́

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ẹni tó dá ẹ sí títí dòní kò ní fi ẹ́ sílẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù aládùúgbò wa. Mo ń dá ẹ lóhùn, o ò dúró gbọ́, ńṣe lò ń sọ̀rọ̀ lọ, inú sì ń bí mi, àfìgbà tí aládùúgbò ní ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ ni, pé ìwọ gan-an ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí o fẹ́. O ní ọmọbìnrin káfíńtà tó ń ránṣọ ní ilé-iṣẹ́ tí o ti ń ṣe ọ̀gá, o lé e torí pé adití ni, àwọn oníbàárà ò fẹ́ máa fọwọ́ júwe ọ̀rọ̀. O ní ó ti pè yín lẹ́jọ́, kí n lọ bẹ bàbá rẹ̀ kó ní kó jáwọ́.

Mo lọ. Káfíńtà ń rẹ́ pákó lọ́wọ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi, ó gbé àga fún mi. Ó ní lọ́yà ti ṣàlàyé fáwọn pé òfin ìpínlẹ̀ wà: ilé-iṣẹ́ tó bá lé èèyàn torí bí ara rẹ̀ ṣe rí á san ìtanràn fún ìjọba, á san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó lé, adájọ́ sì lè ní kí wọ́n gbà á padà. Mo ní báwo ni wọ́n á ṣe gbé odindi ilé wọ kọ́ọ̀tù? Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé ilé, ọ̀gá ibẹ̀ ló máa dúró fún un. Mo ní ta ni ọ̀gá ibẹ̀? Ó kàn ń wò mí lójú. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìwọ ni. Mo ní tí a bá wá dọ̀bálẹ̀ ńkọ́, bíi ti ẹbí? Ó ní òfin kì í rí ìdọ̀bálẹ̀.

Mo fẹ́ máa kúnlẹ̀ ni ọmọ náà wọlé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó rí i pé apá aṣọ mi ti tú, ó mú abẹ́rẹ́, ó rán an. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ sì ń túmọ̀ fún mi. Ó ní ṣé iṣẹ́ òun ni kò dáa? Ó ní ṣé o sọ fún mi pé òun ba aṣọ kan jẹ́ rí?

Ọkọ mi, kí ni kí n sọ? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ nínú fóònù pé kò sí aránṣọ tó tó o níbẹ̀. Mo mi orí pé rárá. Mo dìde, mo wá sílé.

Mi ò bẹ̀ wọ́n, mi ò sì ní bẹ̀ wọ́n. Ìwọ ni kó o lọ bẹ̀ ẹ́, kó o gbà á padà kí adájọ́ tó pàṣẹ. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débi ẹ̀bẹ̀ ò dà bí ẹni tí wọ́n wọ́ débẹ̀.

Tí o ò bá ṣe é, jọ̀ọ́ fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Má fi sí báńkì o, wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń sanwó níbẹ̀ báyìí, èmi àti ẹ̀rọ ò mọra. Tó o bá rí i tí mo jókòó ti ọmọ káfíńtà ní kọ́ọ̀tù, má rò pé mo kọ̀ ẹ́ lọ́mọ. Ìwọ á ní lọ́yà, wà á sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Òun ò ní gbọ́ ọ, mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, á ṣọ́ ilé rẹ, á sì fún ẹ ní ọkàn tó ń gbọ́ràn.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ẹ.