Igbá Tó Wà Nínú Fóònù Rídúwánù

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí Lómé dàrú ní 1993, tí ìyanṣẹ́lódì ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa, tí mo fà ọ́ lọ́wọ́ tí a sá wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́, Àmínátù ìyá rẹ ní òun ò ní fi ọjà òun sílẹ̀ ní Adidogomé, àdúgbò wa ní Lómé. Mo bínú. Ó sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi rán awakọ̀ sí ọ, èmi ni mo gbà á. Mo sọ fún ọ pé kò ránṣẹ́, ìwọ sì sunkún títí o fi sùn. Kò pẹ́ tí àìsàn fi mú un lọ. Dárí jì mí.

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Lómé tí o padà sí? Ṣé àwọn ọmọ kò tíì fi Faransé gbàgbé Yorùbá? Ọlọ́run yóò ṣọ́ yín lọ, yóò ṣọ́ yín bọ̀. Òjò ti rọ̀ níbí, ewúrẹ́ Rídúwánù ọ̀rẹ́ mi sì ti bí ìbejì.

Mo dúpẹ́ pé o pè mí. O ní ẹnì kan ń ṣí ìkànnì ìtajà yín láràárọ̀ láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, pé fóònù rẹ̀ ti gbó, pé Yorùbá ló wà lórí rẹ̀, pé kì í ra nǹkan kan, ìdí àwòrán rẹ ló máa ń jókòó sí. Èmi ni. Fóònù Rídúwánù ni mo ń yá.

O ṣàlàyé pé bí àlejò bá wọlé, ìkànnì a ṣa irú fóònù rẹ̀, èdè rẹ̀ àti aago ìlú rẹ̀, a kó wọn sínú igbá kékeré kan nínú fóònù àlejò fúnra rẹ̀, kó tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí yín. Ó yé mi yékéyéké. Mo ti kìlọ̀ fún Rídúwánù kó má da fóònù dojú bolẹ̀ mọ́, kí igbá má baà dànù. Ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀, mo ní aago àti èdè wa ni, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun wò. N kì í wọlé sórí ìkànnì yín láìdé fìlà mọ́, mo sì ń kí i ní sálámà. Ó dùn mí pé síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń wọ̀ wá sílé yín látẹ̀yìnwá.

Ohun tó gún mi lọ́kàn ni pé ìkànnì yín kọ́kọ́ ń béèrè bóyá àlejò gbà kí wọ́n ṣa nǹkan rẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe tíṣà, n kò bi ọ́ léèrè kí n tó mú ohun tí í ṣe tìrẹ. Síbẹ̀ o dá mi mọ̀, o ò tilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Bí ọwọ́ bá dẹ̀, fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́, nítorí Rídúwánù ní ọmọ mi ni mo ń kí, dátà òun ni mo ń jẹ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ ṣe ju èmi lọ fún ọ.

Rídúwánù fúnra rẹ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ ní Lómé. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìborí ìyá rẹ wé e. N kò gbọ́ ọ rí. Ìwọ ni ìyá rẹ ń bá sọ̀rọ̀. Gbà á.

Baba rẹ, Kàsúmù