Wọ́dà Tó Ka Ọjọ́ Wa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi fi orúkọ bò.

Télọ̀ ni mí. Wọ́n ká igbó díẹ̀ mọ́ mi lápò, ni mo bá lo ọdún méjì gbáko látìmọ́lé, ẹjọ́ ò bẹ̀rẹ̀. Òfin tuntun wá ní, bí àtìmọ́lé èèyàn bá ti gùn ju ẹ̀wọ̀n tí ẹ̀sùn rẹ̀ lè fà lọ, kó máa lọ sílé. Ta ló rí tiwa rò? Wọ́dà obìnrin kan ni! Àkókò oúnjẹ rẹ̀ ló fi ń ka ọjọ́ wa lórí kàlẹ́ńdà, tó ń kọ̀wé sí adájọ́.

Mo ti fojú wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn irin. Mo jáde, mo rán aṣọ fún un. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n á ní mo gba rìbá. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù látìmọ́lé, tí mò ń kọ̀wé fún, ò ní jáde mọ́."

Ẹ̀yin ará, báwo la ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè gba ọpẹ́?