Kànga Tí Bàbá Mi Bò Pa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Bàbá tún ti jí ṣáájú mi. Mo gbọ́ wọn nídìí ẹ̀rọ omi iwájú ilé. Ó máa ń han tí wọ́n bá ti ń ṣí i — fíìn. Wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á tún tì í pa. Omi ò kán. Wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Ó ń bọ̀." Àràárọ̀ ni. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí, láti ìgbà tí Ẹnu-Dùn, olóṣèlú wa, ti gorí oyè. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, inú ìwé yìí nìkan sì ni — ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹnu náà ló sì fi fa omi wá fún wa. "Ọmọ wa" ni Bàbá ń pè é, torí àdúgbò yìí ló dàgbà sí.

Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ga dé ojú fèrèsé nínú yàrá mi. Omi kẹ́ẹ̀gì méjì ló kù. Alágbàfọ̀ tí ò lómi! Kí ni mo fẹ́ fi fọ̀ ọ́, itọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Bùrọ̀dá mi pè. Wọ́n ti rí yàrá fún mi nítòsí ilé wọn, omi ń yọ níbẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni mọ́tò máa wá kó ẹrù mi. Mo ní, Bàbá ńkọ́? Wọ́n ní kí n mú wọn dání. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá wo? Wọ́n á bi mí pé ta ló máa wà nílé nígbà tí omi bá dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́.

Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Bàbá tó bí Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, gbogbo àdúgbò ló ń pọn ọ́n. Ẹnu-Dùn pàápàá, omi ibẹ̀ ló mu dàgbà. Nígbà tó ń wá ìbò, ó ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ síwájú ilé wa, ó ní kí ọdún kan tó pé, omi á máa tú. Bàbá gbà á gbọ́. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n rìn, tí wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n dìbò fún un. Lọ́jọ́ tó wọlé, a jó títí eruku fi sọ. Bàbá, bíríkìlà tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, po sìmẹ́ńtì, wọ́n sì fi bo kànga náà pa. Wọ́n ní tí a bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, a jẹ́ pé à ń pe ọmọ wa ní òpùrọ́. Wọ́n fi ìka kọ ọ́ sórí sìmẹ́ńtì tútù: OMI TI DÉ. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Tàdáwà ìdìbò ṣì wà lára àtàǹpàkò mi nígbà náà.

Lónìí mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé ká ṣí i. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo bá ṣí kànga yẹn, a jẹ́ pé èmi ni mo purọ́ fún gbogbo àdúgbò." Mo dìde. 

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọlọ́mọlanke tó ń ta omi ò wá. Òtẹ́ẹ̀lì ti ránṣẹ́ wá béèrè aṣọ wọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Télọ̀ tó wà lódìkejì títì ló mú ìròyìn wá. Ẹnu-Dùn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìbò tún kù sí dẹ̀dẹ̀. Télọ̀ ní ká gbálẹ̀ de irọ́, pé mọ́tò rẹpẹtẹ ló ń gbé e bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín — ojú wọn ń dán. Wọ́n gbé ẹ̀wù ìpolongo wọn jáde, èyí tí àwòrán Ẹnu-Dùn wà láyà rẹ̀, wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́, kí n fi sítáàṣì sí i. Ojú àti imú àwòrán náà ti ṣí, ẹnu nìkan ló kù. Omi tó kù sí ìdí kẹ́ẹ̀gì ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo sunkún lórí ọpọ́n. Torí Bàbá ni mo ṣe ń sunkún, kì í ṣe torí omi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Bàbá ń kọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Mò ń gbọ́ wọn láti yàrá mi. Wọn ò ní í bú u, wọn ò ní í tọrọ nǹkan. "Ọmọ wa, ìgbà wo?" Ìyẹn nìkan. Wọ́n wí i jẹ́jẹ́. Wọ́n tún fi ẹ̀rín sí i, kó má baà dà bí ìjà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó dé. Ariwo, orin, àwọn tó ń ya fọ́tò. Bàbá wà níwájú pátápátá, ẹ̀wù wọn le gbagidi bí mo ṣe lọ̀ ọ́. Ẹnu-Dùn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ — omi tú jáde! Gbogbo èèyàn ké. Bàbá na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n mu ún, wọ́n fi bọ́jú. Omi àti omijé ń ṣàn pọ̀ ní àgbọ̀n wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ọwọ́ Ẹnu-Dùn mú. Mo rò pé wọ́n máa bi í. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣé àdúgbò yìí lẹ ń gbé?"

Bàbá kàn mi orí. Ó ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ sáré lọ gbé kẹ́ẹ̀gì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkọ̀ tánkà tó gbé omi wá. Rọ́bà gígùn jáde lára rẹ̀, ó wọ inú páìpù ẹ̀rọ wa. N kò lè sọ ọ́ fún Bàbá. 

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Fíìn. Wọ́n dúró pẹ́ nídìí ẹ̀rọ lónìí. Wọ́n wọlé, wọn ò sọ pé ó ń bọ̀.

Wọ́n jókòó ti ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Wọ́n bi mí bóyá mo rí tánkà. Mo ní mo rí i. Mo fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ pé n kò fẹ́ bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ ni. Wọ́n ní, "Èmi náà rí i. Kí n tó mu omi yẹn ni mo ti rí i."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo di ẹrù. Bàbá bá mi so okùn. 

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìró òòlù ló jí mi. Bàbá wà lẹ́yìnkùlé nínú aṣọ iṣẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n ń fọ́ sìmẹ́ńtì orí kànga. Ẹ̀wù ìpolongo yẹn ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń kó àfọ́kù sí. Ibi tí wọ́n kọ OMI sí ti lọ. Àwọn ará àdúgbò ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó rẹ Bàbá, Télọ̀ gba òòlù lọ́wọ́ wọn, kò sì ṣẹ̀fẹ̀ kankan.

Nígbẹ̀yìn, sìmẹ́ńtì náà lu. Bàbá ju àfọ́kù kan sínú kànga, gbogbo wa tẹ́tí. A gbọ́ ọ nísàlẹ̀ — gbòlú. Omi wà níbẹ̀, omi púpọ̀. Ẹnikẹ́ni ò hó. Bàbá jókòó sí etí kànga.

"Orí omi la jókòó sí tí à ń retí omi," ni wọ́n wí. "Ẹ dárí jì mí."

Ìyá Ìbejì tó ń gbé ilé kejì ní, "Bàbá, gbogbo wa la jọ jó."

Mọ́tò Bùrọ̀dá dé lọ́sàn-án. Mo ní kó máa padà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti fọ gbogbo aṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Omi kànga mọ́ kedere. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Mo jí ní ìdájí, mò ń retí ẹ̀rọ. Kò han. Gbogbo ọdún mẹ́rin yìí ni mo fi kórìíra ohùn yẹn. Mo gbọ́ tí Bàbá ń yí lórí ibùsùn. Wọ́n ti jí, wọn ò kàn dìde ni.

N kò lè fara dà á. Mo jáde láì wọ bàtà, mo ṣí ẹ̀rọ fúnra mi kí wọ́n lè gbọ́ — fíìn. Mo tì í pa. Mo wọlé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Mo ní, "Bàbá, ó ń bọ̀."

Wọ́n kọjú sí ògiri.