Kọfí Oníyìnyín Tí Bọ́lájí Fi Ọwọ́ Òsì Gbé Wá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ògún. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Inú mi kò dùn láti ìgbà tí mo ti Yaba dé.

Bọ́lájí ọmọ mi ní kí n wá tọ́ kọfí oníyìnyín wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òní, wọ́n ní, ni ọjọ́ àwọn ọlọ́wọ́ òsì lágbàáyé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbé ife fún àlejò, wọ́n sì ń bi olúkúlùkù ní ìbéèrè ìtàn kan. Òsì náà ni ó nà sí èmi ìyá rẹ̀.

"Bọ́lájí! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí?" Gbogbo èrò yíjú sí wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, òní nìkan ni. Ìbéèrè yín rè é: láyé ìgbà kan, kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá ń fi òsì kọ̀wé?"

"Wọ́n á lù ú bí ẹni lu bàrà ni!" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dáhùn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Gèlè mi ni mo fi máa ń so ọwọ́ òsì Bọ́lájí mọ́ àga tó bá fẹ́ kọ̀wé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà.

Kò sọ ọ́ fún wọn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀tún gbé ife náà fún mi. Mo gbà á, mo mu ún tán, mo sì dìde láìbẹ̀ ẹ́ fún ti gèlè yẹn.