Jagunjagun Tí Kò Lójú

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Ṣakí

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kun ère jagunjagun kékeré tí a fi ń ṣeré orí tábìlì tán. Mo gé idà ọwọ́ rẹ̀, mo fi àdá rọ́pò, mo ya ìlà òfì Ìsẹ́yìn sára aṣọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló kù, Bàbá ò sì jẹ́ kí n yà á. Ohun tí wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé:

"Ràfíátù, màláíkà kì í wọ ilé tí ère bá wà. Bó o bá máa kùn ún náà, má fún un lójú."

Lónìí, wọ́n wọlé, wọ́n gbé jagunjagun náà sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n wo ère ejò abìyẹ́ tí mo gbé kọjú sí i lórí tábìlì.

"Kí nìyẹn fẹ́ ṣe?"

"Ó fẹ́ pa jagunjagun náà ni, Bàbá."

"Báwo ni jagunjagun ṣe máa wá rí i?"

Ṣé wọ́n ń bi mí ni, àbí wọ́n ti ń gbà…

Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n lọ kírun. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà, ojú yẹn kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, mi ò lè rí i yà.

Ìgbà tí mo padà sídìí tábìlì ni mo rí awò ojú tí Bàbá fi ń ka Kùránì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jagunjagun náà.

Bàbá kì í gbàgbé awò wọn síbì kankan.